Èkó, Etí Èkó tàbí Ìbàdàn: Ibo Ló Yẹ Kí Ẹ Fi Ṣe Ilé?

Lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, àbúrò mi obìnrin pè mí lálẹ́. Ó ti ríṣẹ́ sí Ìkejà, iṣẹ́ gidi, wọ́n sì ní kó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. "Bùọ̀dá mi, ibo ni kí n gbalé sí? Àwọn kan ní kí n wá yàrá kan sí Agége. Àwọn kan ní Mowe ló dáa, pé owó yàrá kan l'Ékòó á gba rúùmù àti pálọ̀ níbẹ̀. Màámi ní kí n kúkú máa ti Ìbàdàn lọ, ṣebí rélùwéè ti wà." Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ méjì. Mo ti gbé níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí, mo sì mọ ohun tí ìdáhùn ojú ẹsẹ̀ lè fi ojú ènìyàn rí. Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí i náà ni mo fẹ̀ lójú díẹ̀ síbí, nítorí àwọn tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rò lórí ibùsùn lálẹ́ pọ̀ gan-an.

Wọ́n ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ ni. Ní 1950, nínú ènìyàn 10 láyé, bíi 3 péré ló ń gbé ìgboro. Nǹkan bí 2007 ni àwọn ará ìgboro kọ́kọ́ pọ̀ ju ará abúlé lọ láyé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò rẹ̀ ní 2018 pé tó bá fi máa di 2050, ènìyàn 68 nínú 100 ni yóò máa gbé ìgboro, àti pé orílẹ̀-èdè mẹ́ta péré, Íńdíà, Ṣáínà àti Nàìjíríà, ni yóò kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó máa kún un lọ. Tiwa nìkan nínú rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 189. Gbogbo àwọn ènìyàn yìí ló máa wá yàrá, tí wọ́n máa wá omi, tí wọ́n sì máa dúró de ọkọ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù. Àbúrò mi jẹ́ ẹnì kan nínú wọn.

Ilé àti oko

Ìlú ńlá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí T. J. Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi tó wá láti Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde ní 1857 nípa ohun tó rí nílẹ̀ wa, ó fojú díwọ̀n Ìbàdàn sí 70,000 ènìyàn, ó fi Abẹ́òkúta sí 60,000. Bẹ́ẹ̀, Ìbàdàn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí àwọn jagunjagun ti pàgọ́ síbẹ̀. Àwọn baba ńlá wa kórira àdágbé. Ìlú ni wọ́n ń pè ní ilé, oko sì wà níta. Àgbẹ̀ Ìbàdàn á lọ sóko lápá Lálúpọn tàbí Ìdó, á sùn sí abà lọ́sẹ̀ méjì, mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá dé, bí ìyàwó bá bímọ, bí àgbà bá papòdà, agbo ilé ní ìgboro ló ń bọ̀. Bí ẹ bá bi í pé níbo ló ń gbé, Ìbàdàn ló máa sọ, kódà bó jẹ́ pé abà ló ti lo oṣù mẹ́sàn-án nínú ọdún.

Òun ni mo fi ń wọn gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí. Lónìí, Èkó ti di oko fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ibẹ̀ la ti ń wá oúnjẹ. Kí ẹ tó bi ejẹ́ńtì ní iye owó ilé, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: níbo ni ilé mi, báwo lọ̀nà oko ṣe jìn sí i tó, kí sì ni ọ̀nà yẹn ń gbà lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́?

Èkó kọ́ ló máa ń tóbi jù tẹ́lẹ̀. Nígbà ìkànìyàn 1952, bíi 459,000 ló wà n'Ìbàdàn, 267,000 ló wà l'Ékòó. Nígbà tó máa fi di 1963, Èkó ti kọjá, 665,000 sí 627,000. Èbúté ló wà l'Ékòó, ibẹ̀ ni rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901 ti gbéra, ibẹ̀ sì ni ìjọba àpapọ̀ fìdí kalẹ̀ sí títí di oṣù Kejìlá 1991. Owó epo wá da tirẹ̀ lé e. Ìpínlẹ̀ tó kéré jù ní Nàìjíríà ni gbogbo èrò yìí ń rọ́ wọ̀: ilẹ̀ àti omi rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ààbọ̀ kìlómítà níbùú lóòró, omi sì kó bíi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Kódà iye ènìyàn tó wà níbẹ̀ dìjà: ìkànìyàn 2006 ní mílíọ̀nù 9 àti díẹ̀, ìjọba Èkó ka tirẹ̀, ó ní mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀. Ibi tí kò sáyè mọ́ nínú agbada, omi á dà síta. Ibi tí Èkó dà sí ni mò ń pè ní etí Èkó: Arépo, Mágborò, Ìbafò àti Mowe lójú ọ̀nà Ìbàdàn, Àkúté àti Àjùwọ̀n lẹ́yìn Agége, Sàngó àti Ọtà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni ilẹ̀ wọn, Èkó ló ni iṣẹ́ àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà.

Ẹ ka wákàtí kí ẹ tó ka owó

Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé Ìbafò tí mò ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mò ń jí. N kì í tan iná yàrá nítorí àwọn ọmọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń wá ìbọ̀sẹ̀. Tó bá fi máa lu aago márùn-ún, mo ti wà níbùdókọ̀, àwa bíi ogójì, gbogbo wa dojú kọ apá ibi tí iná ọkọ̀ máa ti yọ. Kọ̀ńdọ́ á ti máa ké lókèèrè pé "Berger, Berger, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ọkọ̀ náà kò ní tíì dúró tán tó fi máa kún. Obìnrin kan wà láàárín wa tó máa ń di bàtà iṣẹ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, sílípáàsì ló fi ń sá wọkọ̀. Bá a bá dé afárá gígùn tó wà ní Kárà, ọkọ̀ á dúró gbọnin. Òórùn màlúù láti ọjà Kárà á gba ojú fèrèsé wọlé. Orí ẹni tó jókòó tì mí á ti bọ́ sí èjìká mi, oorun ti gbé e lọ, n kì í sì í jí i. Lọ́jọ́ tó bá dáa, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni. Lọ́jọ́ tí tírélà bá ṣubú, ó lè di mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká fi àlọ sí wákàtí méjì àti ààbọ̀, ká fi àbọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Wákàtí 5 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 48 lọ́dún, ó di wákàtí 1,200. Bí ẹ bá fi wákàtí 24 pín in, ọjọ́ 50 ni, ọ̀sán pẹ̀lú òru. Láàárín ọdún mẹ́rin tí mo fi gbé Ìbafò, ọjọ́ 200 ni mo lò nínú ọkọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni ọmọ mi kejì kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀ rìn láti ara àga dé ara ògiri. Lójú ọ̀nà ni mo wà. Orí fóònù ni mo ti wò ó.

Ẹni tó bá ń gbé Agége, Ìjú tàbí Mushin tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìkejà tàbí Yábàá ní ohun tí àwa ará Ìbafò ò ní. Láti oṣù Kẹwàá 2024 ni ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń gbé èrò láti Agbádó dé Ọyìngbò, kìlómítà 27, ó ń dúró ní Ìjú, Agége, Ìkejà, Oṣòdì, Mushin àti Yábàá. Blue Line ti ṣáájú rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2023 láti Mile 2 dé Marina. Ọkọ̀ ojú irin kì í bá danfo pín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Fún ìdí yìí, bí ẹ bá ń wálé l'Ékòó lónìí, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ibùdókọ̀ ojú irin wà, kí ẹ tó wo bí yàrá ṣe rí. Yàrá kékeré tí ẹsẹ̀ lè ti ibẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀ Agége sàn ju pálọ̀ ńlá tó nílò ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti danfo méjì.

Ti Màámi ńkọ́, pé kó máa ti Ìbàdàn lọ? Láti oṣù Kẹfà 2021 ni rélùwéè tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157. Ọkọ̀ tó mọ́ ni, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, èmi fúnra mi máa ń gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò náà ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ tó ń lọ lóòjọ́ kò pọ̀, ibùdókọ̀ tó wà n'Ìbàdàn sì wà ní Mọníyà lọ́hùn-ún. Ẹni tó ń gbé Àkóbọ̀ tàbí Chálẹ́ńjì ní ìrìn-àjò mìíràn láti rìn kó tó débẹ̀. Ó dáa fún ẹni tó ń lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Fún ẹni tó gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ lójoojúmọ́, kò ṣeé ṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹ sì jọ̀ọ́, rélùwéè yìí kò gba Mowe tàbí Ìbafò kọjá rárá. Abẹ́òkúta ló gbà. Mo ti rí ẹni tó sanwó ilé ní Mowe nítorí pé ejẹ́ńtì sọ fún un pé rélùwéè wà nítòsí.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ etí Èkó nìyí. Àwọn ìlú ńlá mìíràn láyé náà ní etí. Jakarta ní Indonéṣíà ní Bekasi, Depok àti Bogor, àwọn tó ń sùn síbẹ̀ pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin ń kó èrò tó pọ̀ nínú wọn wọ ìgboro láàárọ̀. Lápá ibi tó pọ̀ létí Tokyo, wọ́n tẹ́ irin ná, ilé ló wá tẹ̀ lé e. Tiwa, ilé ló ṣáájú. Àwa la kọ́lé, a gbẹ́ kànga, a ra òpó iná, a wá ń dúró de ọ̀nà.

Owó ilé

Bí ẹ bá fi iye tí lánlọ́ọ̀dù pè wé ara wọn, Èkó ló máa wọ́n jù, etí Èkó á tẹ̀ lé e, Ìbàdàn á dínwó sí i. Kò ní pẹ́ tí iye tí mo bá kọ síbí yóò fi yí padà, nítorí náà n kò ní kọ ọ́. Ohun tí kì í yí padà ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbowó. L'Ékòó, ẹ máa san owó ilé, ẹ máa san àgíríméǹtì, ẹ máa san kọmíṣọ̀n, àwọn mìíràn á tún gba kọ́ṣọ̀n. Ó tó ìgbà tí owó ọdún kan yóò fi di bíi owó ọdún kan àti ààbọ̀ kí wọ́n tó fún yín ní kọ́kọ́rọ́. Òfin ilé gbígbé tí Èkó ṣe ní 2011 ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ẹ mọ òfin yìí, ẹ dá a sọ fún ejẹ́ńtì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo ti rí ibi tó ti ṣiṣẹ́, tí wọ́n sọ owó ọdún méjì di ti ọdún kan. Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkejà sílẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni ẹni tó ń gba owó oṣù bíi tiwa ń wá.

Ẹ pín owó ilé sí oṣù méjìlá, kí ẹ da owó ọkọ̀ oṣù kan pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ fi owó omi àti epo jẹnẹrétọ̀ sí i. Èmi kò ṣe ìṣirò yìí nígbà tí mò ń lọ sí Ìbafò. Ìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí owó danfo fò sókè, ni mo mú bírò. Owó ọkọ̀ mi lóṣù ti ju owó ilé lọ. Ilé tí mo rò pé ó dínwó, ọ̀nà ni mò ń san ìyókù fún.

Ta ni ìjọba àdúgbò yín?

Omi ẹ̀rọ ìjọba kì í ṣàn dé ilé tó pọ̀ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bóhóòlù ló gbòde l'Ékòó, ibi tí kò bá sí, mẹ́ruwà á fi ọmọlanke ti kẹ́ẹ̀gì wá. N'Ìbàdàn, kànga ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, àmọ́ ibi tí àpáta bá wà lábẹ́ ilẹ̀, ó lè gbẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ayálégbé, ẹ má bi lánlọ́ọ̀dù, pé oṣù wo ni omi ń wọ́n níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n etí Èkó ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Ní àdúgbò wa n'Ìbafò, ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé ló ń ṣe iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n dá owó ra tiransifọ́mà, wọ́n dá owó ra òpó, wọ́n gba ọlọ́dẹ, wọ́n kó yangí sí ọ̀nà lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan. Ìpàdé máa ń wáyé ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta lábẹ́ igi dongoyárò, àga oníke ni a ń jókòó lé. Bàbá alága á ka orúkọ àwọn tí kò tíì san owó tiransifọ́mà sókè ketekete. Mo fẹ́ràn àwọn ènìyàn yẹn. Nígbà tí ìyàwó mi rọbí lóru, ọlọ́dẹ ló sáré ṣí géètì, aládùúgbò tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa. Síbẹ̀, ẹ fi sí ọkàn pé owó ilé tí wọ́n pè fún yín níbẹ̀ kò tíì ka àwọn owó yìí mọ́ ọn, ẹ sì máa san wọ́n lóṣooṣù, lọ́dọọdún.

Ibi tí ènìyàn bá sùn sí ni owó orí rẹ̀ ń lọ, ìyẹn Ìpínlẹ̀ Ògùn fún ará Mowe. Èkó ló ń gba òógùn rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ní 2021 ni ìjọba ìpínlẹ̀ méjèèjì tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yóò jọ máa mójú tó àwọn ibi ààlà yìí. Ó yẹ kí àwa tó ń gbé ibẹ̀ máa béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì ibi tí wọ́n bá a dé.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ lẹ fẹ́ rà

Ọ̀pọ̀ ló ń sá lọ sí etí Èkó tàbí Ìbàdàn nítorí àtikọ́lé. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo ní, omi àti ọmọ onílẹ̀.

Odò Ògùn ń ṣàn lọ lẹ́bàá apá Arépo, Mágborò àti Ìṣẹ́rí. Bí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti inú ìdídò Ọ̀yán, ọ̀pọ̀ àdúgbò á wọmi, pàápàá láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá. Ẹni tó bá mú yín lọ wo ilẹ̀ ní oṣù Kejì, ilẹ̀ gbígbẹ ló fẹ́ fi hàn yín. Ẹ padà lọ ní oṣù Kẹwàá. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé tó wà nítòsí, ilà ẹrẹ̀ tí omi fi sílẹ̀ á sọ ibi tó dé lọ́dún tó kọjá fún yín. Ìbàdàn náà ní tirẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980 ni odò Ògùnpa ya bo ìgboro, ó gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ, àwọn àgbà ṣì ń fi ka ọjọ́ orí ọmọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, ó tún ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ tó bá dínwó létí odò, ó ní ìdí.

Ti ọmọ onílẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: owó ìpìlẹ̀, owó ìdékíìnì, owó òrùlé. Ní 2016 ni Èkó àti Ògùn ṣe òfin tó fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ àwọn ajagungbalẹ̀. Òfin náà ń ran ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ mú sọ́fè ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì sọ̀fẹ́yọ̀ ìpínlẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ rí i pé ìjọba kò tíì gbẹ́sẹ̀ lé e. Ríìsíìtì ẹbí nìkan kò tó. Ẹ rí i pé olórí ẹbí gan-an fọwọ́ sí i, nítorí ọmọ ìyá kan lè ta ilẹ̀ lówùúrọ̀ kí ọmọ ìyá kejì tà á lálẹ́.

Iṣẹ́, ìwé, ìwòsàn

Kò sí ibi tí iṣẹ́ pọ̀ tó Èkó, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àmọ́ fún ìwé àti ìwòsàn, Ìbàdàn kò ṣẹ́yìn: Yunifásítì ti wà níbẹ̀ láti 1948, UCH láti 1957, ọ̀nà tó ń lọ síbẹ̀ kò sì ń jẹ òwúrọ̀ ọmọ tán. Ọkọ̀ Micra méjì ló ń gbé mi láti Àkóbọ̀ dé Dùgbẹ̀. Etí Èkó ló kẹ́yìn nínú èyí. Ilé-ìwé aládàáni pọ̀ níbẹ̀, tó dáa kò wọ́pọ̀, àìsàn tó bá sì le, a ní láti dórí kọ Ṣágámù tàbí ká padà wọ Èkó.

Oúnjẹ náà ṣe pàtàkì. Ọjà Bódìjà súnmọ́ oko ju Mile 12 lọ, ó sì ń hàn nínú iye tí a ń ra ẹ̀lùbọ́ àti tòmátò.

Ta ló yẹ kó gbé ibo?

Bí ẹ bá jẹ́ ọ̀dọ́, tí ẹ kò tíì bímọ, tí iṣẹ́ yín sì wà l'Ékòó lójoojúmọ́, ẹ gbé Èkó, kódà kó jẹ́ yàrá kan. Ẹ má lo ọdún tí agbára wà lára yín lórí afárá Kárà. Bí ẹ bá ń ta ọjà fún àwọn ará etí Èkó fúnra wọn, tàbí tí ẹ jẹ́ tísà, nọ́ọ̀sì, kápẹ́ńtà, tí iṣẹ́ yín lè wà ní Mowe, Mowe dáa gan-an. Ìlú tó ń dàgbà ni, ènìyàn ń dé lójoojúmọ́, gbogbo wọn ló nílò ilẹ̀kùn, tí wọ́n nílò ilé-ìwé àti abẹ́rẹ́. Ẹni tó ń sùn níbẹ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ń jèrè rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ju ọjọ́ méjì lọ l'Ékòó lọ́sẹ̀, tàbí tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé, kó wo Ìbàdàn. Abẹ́òkúta náà kò burú fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, rélùwéè dúró níbẹ̀, ó sì súnmọ́ Èkó ju Ìbàdàn lọ. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn kò ní láti bẹ̀rù, wọ́n kúkú ń kì í pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì.

Ẹni tó bá ti ń rò ó láti kó òbí rẹ̀ àgbà wá sọ́dọ̀, kó má kó wọn lọ sí àdúgbò tí wọn kò ti ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti aago márùn-ún àárọ̀ dé aago mẹ́sàn-án alẹ́. Mo ti rí ìyá kan n'Ìbafò tó ń jókòó lẹ́nu géètì látàárọ̀, tó ń kí gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá.

Ohun kan ṣoṣo ni mo pàṣẹ fún àbúrò mi. Mo ní, "Kí o tó sanwó níbikíbi, lọ sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Ajé, wọ aṣọ iṣẹ́, jáde bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, kí o wo aago tó o máa fi dé Ìkejà." Ó ní ọ̀rẹ́ kan ní Mowe, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Ajé, fóònù mi dún. Mo gbọ́ hóònù lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ẹnì kan tó ń polówó omi tútù. "Bùọ̀dá mi, a ṣì wà ní Kárà o. Láti aago márùn-ún àti ààbọ̀ ni mo ti jáde."

Ó ti gba yàrá kan sí Agége báyìí. Ilé-ìwẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, àwọn mẹ́ta ló jọ ń lò ó, ó sì ti ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láàárọ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, ibùdókọ̀ kan péré sì ni Ìkejà sí i. Bí oṣù bá parí, lọ́jọ́ Ẹtì, ó máa ń wọ rélùwéè Ìbàdàn ní Agége náà, èmi ni mo ń lọ gbé e ní Mọníyà. Àwọn ọmọ mi ti mọ àkókò rẹ̀. Ẹnu géètì ni wọ́n ń dúró sí.